Mẹ́dàlì tí kò lórúkọ: Bí àwọn ọmọ Serbia ṣe ń wá ìtàn baba ńlá wọn nínú àmì ẹ̀yẹ ogun

Ó kéré débi pé àtẹ́lẹwọ́ lè gbà á. Ó rí bí ẹyẹ idì olórí méjì, adé wà lórí rẹ̀, àwòrán ojú ọkùnrin kan sì wà láàárín àyà rẹ̀. Rìbọ́ọ̀nù aláwọ̀ ewé tó ní ilà dúdú létí méjèèjì ni wọ́n fi ń gbé e kọ́ sí àyà.

Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ṣókí kan ní èdè Serbia tó túmọ̀ sí "Fún ìṣòótọ́ sí ilẹ̀ baba, 1915".

Ohun kan ṣoṣo tí ẹ kò ní rí lára rẹ̀ ni orúkọ ẹni tó ni ín.

Láti Belgrade títí dé Chicago ní Amẹ́ríkà àti Sydney ní Australia, irú mẹ́dàlì yìí wà nínú àpótí ọ̀pọ̀ ìdílé tó ṣẹ̀ wá láti Serbia. Àwọn kan jogún tiwọn. Àwọn mìíràn ń rà á lọ́jà gbàǹjo àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí wọ́n fẹ́ di ohun kan mú nínú ìtàn tí àwọn àgbà wọn kò sọ tán kí wọ́n tó kú.

Kí ni àwọn mẹ́dàlì yìí? Kí ló dé tí ènìyàn fi ń ná owó lé wọn lórí? Kí ló sì kan àwa tí a wà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà nínú rẹ̀?

Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1915?

Lọ́dún 1914 tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀, Serbia lé àwọn ọmọ ogun Austria-Hungary padà sẹ́yìn ẹnubodè. Àmọ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1915, Jámánì àti Austria-Hungary jọ ya lu orílẹ̀-èdè náà láti àríwá, Bulgaria sì kọlù ú láti ìlà oòrùn.

Àwọn olórí Serbia kò gbà láti túúbá. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ ogun gba orí òkè Montenegro àti Albania kọjá lọ sí etí òkun Adriatic. Ọ̀pọ̀ ará ìlú tẹ̀lé wọn. Ọba Peter Kìíní, tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà, wà lára àwọn tó rin ìrìn náà.

Ìgbà òtútù ni. Yìnyín bo ojú ọ̀nà, oúnjẹ kò sí, àìsàn sì ń jà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló kú sójú ọ̀nà.

Ọkọ̀ ojú omi kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yè lọ sí erékùṣù Corfu ní ilẹ̀ Gíríìsì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1916. Wọ́n sọ Vido, erékùṣù kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Corfu, di ibi ìtọ́jú aláìsàn. Àwọn tó kú níbẹ̀ pọ̀ débi pé inú òkun ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sin òkú sí. "Plava grobnica", ìyẹn ibojì aláwọ̀ búlúù, ni àwọn ará Serbia ń pe ojú omi náà títí dòní.

Áfíríkà ni wọ́n kó àwọn mìíràn wá fún ìtọ́jú: ìlú Bizerte ní Tunisia àti àwọn ibùdó kan ní Algeria, tí orílẹ̀-èdè méjèèjì wà lábẹ́ ìjọba Faransé nígbà náà. Itẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun Serbia ṣì wà ní Tunisia.

Lọ́dún 1920, Ọmọọba Alexander tó ń ṣe adelé fún bàbá rẹ̀ dá mẹ́dàlì ìrántí Albania sílẹ̀ fún àwọn tó la ìrìn náà já. Òun ni àwòrán rẹ̀ wà láàárín àyà ẹyẹ idì náà. Ẹni tó gba mẹ́dàlì yìí kò nílò láti pa ọ̀tá kankan. Ó ti rìn, kò sì sá lẹ́yìn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ti tó.

Àwọn mẹ́dàlì wo ni wọ́n ń wá jù?

Mẹ́dàlì Albania nìkan kọ́ ni àwọn tó ń kó nǹkan ogun Serbia jọ máa ń wá. Lára àwọn tó gbajúmọ̀ ni:

• Ìràwọ̀ Karađorđe: Ọba Peter Kìíní dá a sílẹ̀ lọ́dún 1904, nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí Karađorđe ṣáájú àwọn ará Serbia láti dìde sí ìjọba Ottoman. Èyí tó ní idà lára ni wọ́n ń fún ẹni tó fi akọni hàn lójú ogun. Ti àwọn ọ̀gágun wà, ti ọmọ ogun tí kì í ṣe ọ̀gá náà sì wà.

• Idì Funfun: Ọba Milan Kìíní ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1883. Òun náà ní irú tó ní idà lára.

• Mẹ́dàlì ìgboyà ti Obilić: Orí Miloš Obilić ló wà lára rẹ̀, ìyẹn jagunjagun tí ìtàn Serbia ní ó pa ọba àwọn Ottoman lójú ogun Kosovo lọ́dún 1389. Ti aláwọ̀ wúrà wà, ti fàdákà sì wà.

• Mẹ́dàlì ìrántí ogun 1914 sí 1918: Èyí pọ̀ gan-an, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ló gbà á.

• Àwọn àmì ẹ̀yẹ Yugoslavia: Lọ́dún 1943, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, àwọn ọmọ ogun Tito dá tiwọn sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè Soviet ni wọ́n ti ṣe àwọn tó kọ́kọ́ jáde lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní nọ́ńbà lẹ́yìn.

Yàtọ̀ sí mẹ́dàlì, àwọn ènìyàn tún ń kó lẹ́tà ojú ogun jọ, fọ́tò, àmì ọrùn àwọn tí Jámánì kó lẹ́rú lọ́dún 1941, àti fìlà šajkača tí ọmọ ogun Serbia máa ń dé. Àwọn kan ń wá ìkòkò òdòdó tí àwọn ọmọ ogun fi àgbá ọta ìbọn ńlá ṣe nígbà tí ọwọ́ wọn dilẹ̀.

Obìnrin tó gba mẹ́dàlì tó sì lọ nu ilẹ̀ ní báńkì

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí mẹ́dàlì ṣe lè wà kí ìtàn sì sọnù, ẹ wo ti Milunka Savić.

Abúlé Koprivnica ni wọ́n ti bí i. Nígbà tí ogun Balkan bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1912 tí wọ́n pe arákùnrin rẹ̀ sógun, òun ló lọ ní ipò rẹ̀. Ó gé irun, ó wọ aṣọ ọkùnrin, kò sì sí ẹni tó mọ̀. Ìgbà tó fara gbọgbẹ́ níbi ogun Bregalnica lọ́dún 1913 ni àwọn dókítà rí i pé obìnrin ni.

Wọn kò lé e kúrò lójú ogun. Ó gba Ìràwọ̀ Karađorđe lẹ́yìn ogun Kolubara lọ́dún 1914, ó tún gba ìkejì lẹ́yìn náà. Faransé fún un ní Légion d'honneur lẹ́ẹ̀mejì àti Croix de Guerre. Rọ́ṣíà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà dá a lọ́lá. Wọ́n kà á mọ́ àwọn obìnrin jagunjagun tí àmì ẹ̀yẹ wọn pọ̀ jù lọ nínú ìtàn.

Lẹ́yìn ogun ńkọ́? Iṣẹ́ ìmọ́tótó ní báńkì kan ní Belgrade ló fi ń jẹun. Ó gba àwọn ọmọbìnrin tọ́. Ó kú lọ́dún 1973, ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú rẹ̀ kò sì mọ ẹni tó jẹ́. Ọdún 2013 ni ìjọba tó gbé egúngún rẹ̀ lọ sí apá tí wọ́n ń sin àwọn ẹni ńlá sí ní itẹ́ òkú Novo Groblje, pẹ̀lú ọlá ológun.

Ẹni tó ní mẹ́dàlì tó tó báyìí ni wọ́n gbàgbé. Ẹ wá ro ti ọmọ ogun tó ní ẹyọ kan péré.

Báwo ni mẹ́dàlì ìdílé ṣe ń débi ọjà?

Ìdí pọ̀, àmọ́ mẹ́ta ló wọ́pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni ogun fúnra rẹ̀. Nígbà tí Jámánì gba Yugoslavia lọ́dún 1941, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọ̀gágun lọ sí ọgbà ẹlẹ́wọ̀n ogun. Lẹ́yìn 1945, ìjọba kọ́múníìsì ló gba ilẹ̀ wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì padà sílé mọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà, Canada àti Australia ni wọ́n gbà lọ. Àwọn tó dúró sílé pàápàá, ọ̀pọ̀ ló tọ́jú àmì ẹ̀yẹ ìgbà ọba sí kọ̀rọ̀.

Ìkejì ni àìrówó. Lọ́dún 1993, owó dínárì di yẹpẹrẹ ní Serbia débi pé owó oṣù kò tó ra oúnjẹ. Ohun tí ènìyàn bá ní nílé ló ń tà.

Ìkẹta ni èdè. Lẹ́tà Cyrillic ni wọ́n fi kọ ohun tó wà lára mẹ́dàlì. Ọmọ-ọmọ tí wọ́n bí sí Chicago tí kò lè ka lẹ́tà náà kò mọ̀ bóyá ti bàbá àgbà rẹ̀ ni tàbí ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Bó bá yá, á tà á pẹ̀lú àga àti aago nígbà tí wọ́n bá ń palẹ̀ ilé mọ́.

Níbi ọjà yìí ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ra á á mú mẹ́dàlì lọ, á fi fọ́tò sílẹ̀. Ẹlòmíràn á ra fọ́tò. Wọ́n á da lẹ́tà nù. Ohun tó jẹ́ ìtàn ènìyàn kan á wá di ẹrù mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta tí wọn kò mọra.

Ìwé ló ń sọ̀rọ̀ fún mẹ́dàlì

Yorùbá máa ń fi oríkì mọ ọmọ ẹni tí ènìyàn jẹ́. Ìwé ni oríkì mẹ́dàlì.

Nítorí pé ọ̀pọ̀ mẹ́dàlì Serbia kò ní orúkọ lára, ìwé tó bá a rìn ló ń sọ ẹni tó gbà á: ìwé ẹ̀rí tí ìjọba fi mẹ́dàlì sílẹ̀, ìwé iṣẹ́ ológun, tàbí fọ́tò tí mẹ́dàlì hàn nínú rẹ̀. Láìsí èyí, mẹ́dàlì Albania kan kò yàtọ̀ sí òmíràn.

Ibi tí àwọn ìdílé ti ń wá orúkọ wà. Ìwé ìròyìn ológun Serbia, Službeni vojni list, máa ń tẹ orúkọ àwọn tí wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ. Ilé ìpamọ́ ìwé ológun wà ní Belgrade. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ológun tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1878 náà wà níbẹ̀, nínú odi àtijọ́ Kalemegdan. Lókè òkun, ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì Orthodox Serbia sábà máa ń sọ abúlé tí ènìyàn ti wá, abúlé sì ni ìpìlẹ̀ ìwádìí.

Àyè tó dára jù láti béèrè ọ̀rọ̀ ni ọjọ́ "slava", ìyẹn ọjọ́ tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní Serbia ń ṣe àjọ̀dún ẹni mímọ́ tó jẹ́ tiwọn. Gbogbo ẹbí ló ń péjọ sídìí oúnjẹ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá gbé mẹ́dàlì sórí tábìlì tó sì béèrè pé "Ta ló ni èyí?" lè gbọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé kankan.

Báwo lẹ ṣe lè mọ ayédèrú?

Bí ọjà bá ti gbóná, ayédèrú kò ní jìnnà. Ìràwọ̀ Karađorđe tó ní idà wà lára àwọn tí wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Àwọn ohun tí ẹni tó mọṣẹ́ máa ń yẹ̀ wò nìyí:

• Bí wọ́n ṣe ṣe é: Ẹ̀rọ ni wọ́n sábà fi tẹ ojúlówó jáde. Ayédèrú sábà jẹ́ irin tí wọ́n yọ́ dà sínú àwòṣe. Tí ẹ bá fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wò ó, ẹ lè rí ihò tóótòòtó lára rẹ̀, etí lẹ́tà rẹ̀ kò sì ní mú.

• Àmì ẹni tó ṣe é: Ilé iṣẹ́ Arthus-Bertrand ní Paris àti Huguenin ní Switzerland wà lára àwọn tó ṣe àmì ẹ̀yẹ fún Serbia. Àmì wọn máa ń wà lára àwọn kan. Àmọ́ ayédèrú náà lè ní àmì, nítorí náà àmì nìkan kò tó ẹ̀rí.

• Rìbọ́ọ̀nù: Onígun mẹ́ta ni wọ́n sábà ń ṣẹ́ rìbọ́ọ̀nù Serbia. Òwú ìgbàlódé sábà máa ń ní kẹ́míkà tó ń mú funfun tàn, kẹ́míkà yìí kò sì sí nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Tí ẹ bá tan irú iná aláwọ̀ àlùkò tí àwọn báńkì fi ń yẹ owó wò sí i, rìbọ́ọ̀nù tuntun lè tàn yòò. Ẹ rántí pé ènìyàn lè pààrọ̀ rìbọ́ọ̀nù tó ti gbó lára mẹ́dàlì ojúlówó.

• Ìtàn tó dùn jù: Tí ẹni tó ń tà á bá ní ti akọni ńlá kan ni, tí kò sì ní ìwé, owó ìtàn lẹ fẹ́ san yẹn. Ẹ san owó ohun tí ẹ fojú rí.

Òfin náà wà. Ènìyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó lè kó ohun tí òfin kà sí àjogúnbá ìlú jáde ní Serbia. Ní Amẹ́ríkà, rírà àti títà ọ̀pọ̀ mẹ́dàlì kò lòdì sófin, àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ta Medal of Honor tó ga jù lọ níbẹ̀.

Àgbá ọta ìbọn àti bọ́ǹbù àfọwọ́jù kì í ṣe ohun eré rárá. Èyí tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣì lè bú gbàmù. Tí ẹ bá rí i, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pe ọlọ́pàá.

Àmì ẹ̀yẹ tó ń dá ìjà sílẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ohun ogun Serbia ló ń mú inú gbogbo ènìyàn dùn.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Tito àti àwọn Chetnik tí Ọ̀gágun Draža Mihailović darí bá ara wọn jà nílẹ̀ kan náà. Ìjọba Tito pa Mihailović lọ́dún 1946 lórí ẹ̀sùn pé ó bá ọ̀tá ṣiṣẹ́ pọ̀. Lọ́dún 1948, Ààrẹ Truman ti Amẹ́ríkà fún un ní àmì ẹ̀yẹ Legion of Merit lẹ́yìn ikú rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 2005 ni wọ́n tó fi àmì ẹ̀yẹ náà lé ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́.

Lọ́dún 2015, ilé ẹjọ́ kan ní Serbia fagi lé ìdájọ́ 1946. Inú àwọn kan dùn. Inú bí àwọn mìíràn, pàápàá ní Bosnia àti Croatia, torí wọ́n rántí àwọn ará ìlú tí àwọn Chetnik pa.

Nítorí náà, ẹni tó ń kó irú nǹkan yìí jọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé baba ńlá ẹnì kan lè jẹ́ ọ̀tá nínú ìtàn ìdílé ẹlòmíràn. Kíkó ohun ogun jọ yàtọ̀ sí gbígbé e gẹ̀gẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mọ òtítọ́ á tọ́jú ìwé tó yin bàbá rẹ̀, á sì tọ́jú èyí tó bá a wí.

Kí ló kan Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà?

Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Serbia gba ìtọ́jú, wọ́n kó wọn lọ sí ojú ogun Salonica ní àríwá Gíríìsì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti jà pẹ̀lú Faransé, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn mìíràn, títí wọ́n fi fọ́ ìlà ọ̀tá ní Dobro Pole ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918.

Àwọn ọmọ Áfíríkà wà níbẹ̀. Faransé kó àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní Tirailleurs Sénégalais lọ sójú ogun náà. Orúkọ yẹn lè ṣi ènìyàn lọ́nà, torí kì í ṣe Senegal nìkan ni wọ́n ti ń kó wọn. Wọ́n ń kó wọn láti ilẹ̀ tó di Mali, Guinea, Burkina Faso àti Ivory Coast lónìí, àti láti Dahomey tó di Benin Republic.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló fẹ́ lọ. Ní agbègbè Kétu àti Ọ̀họ̀rí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá kọjá ẹnubodè wọ Nàìjíríà kí Faransé má baà mú wọn sí iṣẹ́ ológun.

Ní Zeitenlik, ìyẹn itẹ́ òkú ológun tó wà ní Thessaloniki, ibojì àwọn ọmọ Serbia wà ní apá kan. Ní apá ti Faransé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ Áfíríkà wà níbẹ̀.

Lọ́dún 1926, Faransé dá Médaille d'Orient sílẹ̀ fún àwọn tó jà lójú ogun yẹn. Nítorí náà, ohun tí ọmọ Serbia ń wá nínú àpótí ní Chicago lè ní ẹnìkejì nínú àpótí kan ní Cotonou tàbí Bamako.

Ti Ogun Àgbáyé Kejì tún sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ. Ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó jà ní Burma. Mẹ́dàlì Burma Star onígun mẹ́fà tí ọ̀pọ̀ wọn gbà kò ní orúkọ lára, gẹ́gẹ́ bíi ti Albania. Tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ti kú, kò sí ohun tó máa sọ fún ọmọ pé bàbá wọn ló ni ín.

Tí ẹ bá ní ọ̀kan nílé, kí lẹ lè ṣe?

• Ẹ má fi ọṣẹ tàbí kẹ́míkà fọ̀ ọ́. Dídúdú tó wà lára rẹ̀ jẹ́ ara ọjọ́ orí rẹ̀, fífọ̀ sì lè pa àwọn lẹ́tà rẹ̀ rẹ́.

• Ẹ má gbé e síbi tí oòrùn ti ń pa á. Rìbọ́ọ̀nù á ṣí. Ẹ má sì fi sínú ọ̀rá lásán, torí ọ̀rá mìíràn máa ń ba irin jẹ́.

• Ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti etí rẹ̀. Mẹ́dàlì tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún Ogun Àgbáyé Kìíní sábà máa ń ní orúkọ àti nọ́ńbà ọmọ ogun létí.

• Ẹ wá ìwé. Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní Kew, ní London. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Mémoire des hommes tí iléeṣẹ́ ológun Faransé ṣe ní orúkọ àwọn tó kú fún Faransé.

• Ẹ gba ohùn àgbà sílẹ̀ lórí fóònù báyìí. Ẹ béèrè orúkọ, abúlé, ọdún àti ibi tó ti jà.

• Ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ sí ìwé kan, kí ẹ sì fi ìwé náà sínú àpótí kan náà pẹ̀lú mẹ́dàlì. Tí ẹ bá máa tà á lọ́jọ́ kan, ẹ ta gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. Àwọn ọmọ Serbia tó ń wá mẹ́dàlì kiri ti mọ̀ pé irin ṣeé rà padà lọ́jà. Orúkọ ẹni tó wọ̀ ọ́ ni kò ṣeé rà, ẹni tó sì lè sọ ọ́ fún wọn ti ń dàgbà.